Ẹ Má Gbá Igbó Bí Ẹni Ń Gbálé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn igbó kéékèèké tí wọ́n fi sílẹ̀ láàrin ìlú fún ẹyẹ àti ẹranko ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹjọ́ kan náà ni àlejò máa ń rò nínú irú igbó bẹ́ẹ̀: ewé ti pọ̀ jù nílẹ̀, igi gbígbẹ kan dúró lọ́hùn-ún tí wọn ò gé, itàkùn ti bo gbogbo ibẹ̀, ilẹ̀ ò mọ́. Alábòójútó tó bá sì ń wá ìyìn, kò ní pẹ́ tí yóò fi ránṣẹ́ pe ìgbálẹ̀, àdá àti ẹ̀rọ ìgégi. Lójú tiwa, ibi tí ìparun àwọn ẹyẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, kò dìgbà tí ọdẹ bá yọjú.

Igbó kékeré lè máa pàdánù ẹyẹ nígbà tí igi rẹ̀ ṣì wà lórí ìdúró. Ọgbà igi tó wà ní Bogor, ní orílẹ̀-èdè Indonesia, fẹ̀ tó hẹ́kítà 86. Ní 1936 ni wọ́n run igbó tó yí i ká, tó wá ku òun nìkan. Láàrin 1932 sí 1952, oríṣi ẹyẹ 62 ló ń yé níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò láàrin 1980 sí 1985, oríṣi 20 ti pòórá, 4 kù díẹ̀ kó tán, 5 mìíràn sì ti dínkù gan-an. Àwọn tó tètè lọ ni àwọn tí iye wọn kò pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti àwọn tí kò sí mọ́ ní ìgbèríko tó yí ọgbà náà ká. Bí ọ̀kan bá kú nínú wọn, kò sí òmíràn níta tí yóò fò wọlé wá rọ́pò rẹ̀.

Etí igbó àti inú igbó kò rí bákan náà. Oòrùn àti atẹ́gùn gbígbẹ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ewé ilẹ̀ a gbẹ, igi ńlá a máa wó, itàkùn a gba ibi tí igi fi sílẹ̀. Nínú igbó olóoru, ìyípadà yìí lè wọlé tó mítà 100. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Igbó onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 500 jẹ́ hẹ́kítà 25. Ẹ yọ mítà 100 ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó kù láàrin kò ju mítà 300 lọ́nà 300, ìyẹn hẹ́kítà 9. Ẹ wá la ọ̀nà ọkọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 10 gba àárín rẹ̀ kọjá. Hẹ́kítà 9 yẹn á di ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 45 ní ìbú, mítà 300 ní gígùn. Tí a bá pa méjèèjì pọ̀, hẹ́kítà 2.7 ni. Ilẹ̀ tí ọ̀nà náà gbà fúnra rẹ̀ kò ju ìdajì hẹ́kítà lọ, àmọ́ ó ti ba hẹ́kítà mẹ́fà ó lé jẹ́ mọ́ àwọn ẹyẹ inú lọ́hùn-ún lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan àbọ̀, tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ, tí ẹ̀ka ọ̀tún àti tòsì ṣì kanra lókè rẹ̀, fi sàn ju ọ̀nà gbọọrọ lọ.

A máa ń sọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun, bí ẹni pé ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Pápá gbalasa ni ti lékeléke, níbi tí màlúù ti ń tú kòkòrò jáde nínú koríko. Bí igbó ṣe ń sá ni oúnjẹ rẹ̀ ń pọ̀. Èso orí igi gíga ni agbe àti àlùkò ń jẹ, orí ẹ̀ka ni wọ́n sì ti ń sáré kọjá láti igi kan sí èkejì. Nítorí náà, igbó tó ń bàjẹ́ lè kún fún ariwo ẹyẹ: ẹ̀gà, àdàbà, lékeléke. Ẹni tó bá ka gbogbo wọn pọ̀ á ní nǹkan ń dára sí i.

Àwọn ẹyẹ kékeré abẹ́ igi kò fẹ́ràn kí wọ́n jáde sí gbangba rárá. Òmíràn wà tí kò ní fò kọjá ojú ọ̀nà tó fẹ̀ bí mítà 40. Ní Singapore, ọ̀nà márosẹ̀ kan ya igbó Bukit Timah nípa kúrò lára igbó ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1986. Ó di 2013, lẹ́yìn ọdún 27, kí wọ́n tó parí afárá kan tó gùn ní mítà 62 sórí ọ̀nà náà, tí wọ́n kó erùpẹ̀ sí, tí wọ́n gbin igi sí, fún ẹranko nìkan. Kámẹ́rà tí wọ́n dè mọ́bẹ̀ ti ya àwòrán akíka lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ewé ilẹ̀ ni ká wá sọ wàyí. Ẹ mú igi tín-ín-rín, kí ẹ fi tú ewé abẹ́ igi ńlá kan wò. Èyí tó wà lókè gbẹ, ó ń dún pẹ́pẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ti dúdú, ó tutù, òwú funfun olú ti hun ún pọ̀ mọ́ra. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀kùn, ekòló, ikán àti aláǹtakùn wà, nínú ilẹ̀ tó rọ̀ tí ọwọ́ lè fọ́. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ẹyẹ tí ń fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ wà. Nígbà tí ìgbálẹ̀ bá kó o lọ, oòrùn á yan ilẹ̀, òjò á lù ú títí yóò fi le, omi á máa ṣàn lọ dípò kó mu, gbòǹgbò á yọ síta. Àwọn ọ̀gbìn kéékèèké tó yẹ kó rọ́pò àwọn igi àgbà náà á bá ìgbálẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà nìkan ni kí wọ́n gbá, kí wọ́n sì ti ewé náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má sun ún.

Kódà láìsí ìgbálẹ̀, igbó tó kéré jù kì í lè bọ́ gbogbo ẹyẹ ilẹ̀. Nítòsí Manaus, ní Brazil, àwọn onímọ̀ ti ń tọpa àwọn igbó tí wọ́n gé sọ́tọ̀ ní hẹ́kítà 1, 10 àti 100 láti 1979. Àwọn ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí ń tẹ̀ lé èèrà tó ń wọ́ rìn bí ìjàlọ, tí wọ́n ń ṣa aáyán àti kòkòrò tó bá ń sá níwájú rẹ̀ jẹ. Ilẹ̀ tí agbo èèrà kan ń rìn kó gbogbo oúnjẹ rẹ̀ jọ pọ̀ gan-an. Nínú igbó hẹ́kítà 1 àti 10, kò pẹ́ tí àwọn ẹyẹ yẹn fi kó lọ. Igbó ìlú tí ìjàlọ ṣì ń wọ́ kọjá nínú rẹ̀ ní ọrọ̀ tí owó kò lè rà. Ẹ má da oògùn sí i.

Igi tó kú tàbí tó ní ihò ló wá dùn wá jù. Àkókó á gbẹ́ ihò sí igi tó ti rọ̀, á tọ́mọ níbẹ̀, á sì fi í sílẹ̀. Òwìwí, ọ̀kẹ́rẹ́, òòbẹ àti oyin á wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnu bàǹtù tí àtíòro ní kò lè gbẹ́ igi; ihò tó ti wà nílẹ̀ ló ń wá, irú ihò bẹ́ẹ̀ sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tóbi tó. Abo á wọ inú ihò, á fi ẹrẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ àti èérún oúnjẹ dí ẹnu ọ̀nà pa, tí kò fi ní ku ju ojú tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ ni akọ yóò ti máa bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí yóò máa pọ èso jáde lọ́nà ọ̀fun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ oríṣi wọn, abo á bọ́ ìyẹ́ rẹ̀ sínú ihò náà, kò sì ní lè fò títí òmíràn yóò fi hù. Bí èrò bá dúró sábẹ́ igi náà tí akọ kò lè sún mọ́ ọn, ebi ni yóò pa ìyá àtọmọ. Kí àlejò dúró ní mítà 50 sí i, kó fi awò ọ̀nà jíjìn wò ó.

Igi òkú lè wó lu èèyàn lóòótọ́, a ò sọ pé kò léwu. Igi tó ga ní mítà 20 kò lè dé ọ̀nà tó jìnnà sí i ní mítà 30. Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá sún mọ́ ọ̀nà jù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀nà tàbí bẹ́ǹṣì lẹ lè gbé kúrò. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró dè é ní ìrọ̀lẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wo ohun tó bá jáde nínú ihò rẹ̀. Bí ọmọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ sọ okùn yí ibẹ̀ ká títí wọn yóò fi fò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé ẹ̀ka àti orí rẹ̀, kí ẹ fi kùkùté mítà 4 tàbí 5 sílẹ̀ lórí ìdúró, kí ìtì tó bọ́ sílẹ̀ sì jẹrà síbẹ̀.

Ní ti gbígbin, ọ̀pọ̀tọ́ àti odán ni kí wọ́n fi ṣáájú, níbi tó jìnnà sí ilé. Kì í ṣe àkókò kan náà ni gbogbo wọn ń so, nítorí náà èso wọn máa ń wà nígbà tí àwọn igi yòókù ò ní nǹkan kan. Ẹyẹ á jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, àdán á jẹ ẹ́ lóru, tí yóò sì máa ya hóró rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń fò kọjá ibi tí kò sí igi. Ní etí igbó, ẹ gbin igi kúkúrú tó pọ̀ ní ewé, kó fẹ̀ tó mítà 10, kó lè dí ojú oòrùn. Itàkùn tó bá ń pa igi kékeré ní etí igbó nìkan ni kí wọ́n gé.

Oògùn eku wà lára ohun tó ń pa òwìwí. Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ ní gbangba, òwìwí á gbé e, oògùn á sì kó sí ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ náà. Ẹ dé ohun ìdalẹ̀sí, ẹ kó ìdọ̀tí jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ lo pańpẹ́ inú àpótí. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù yẹn náà ló ń pe ológbò wá. Bákan náà, búrẹ́dì tí àlejò ń jù sí ọ̀bọ ń mú kí ọ̀bọ pọ̀ kọjá ohun tí igbó lè bọ́, ọ̀bọ sì ń jẹ ẹyin àti ọmọ ẹyẹ. Gíláàsì ọ́fíìsì tó wà létí igbó, tí ẹyẹ ń fò lọ forí sọ, ńkọ́? Sítíkà àṣá kan ṣoṣo kò ràn án. Àmì tó kún ojú gíláàsì láti ìta, tí àlàfo àárín rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ni ẹyẹ ń rí. Àwọn tó ń gbé ohùn ẹyẹ jáde lórí fóònù kí ẹyẹ lè jáde fún fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹ́kun rẹ̀: ẹyẹ á rò pé ọ̀tá ló wọlé, á sì fi ẹyin sílẹ̀ wá jà.

Kíkà ẹyẹ kò gbówó lórí. Ẹ yan ojú ibi tó fi mítà 200 jìnnà síra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, kí ẹ parí láàrin wákàtí méjì, lọ́jọ́ tí òjò àti ìjì kò sí. Ẹ dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ wá ka ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ ya èyí tó wà láàrin mítà 50 sọ́tọ̀. Ojú ibi kan náà, oṣù kan náà, lọ́dọọdún. Etí ló ń mú ọ̀pọ̀ ẹyẹ igbó ju ojú lọ, nítorí náà bí ẹ bá fi ẹni tí kò mọ ohùn wọn rọ́pò ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìwé á ní ẹyẹ ti dínkù nígbà tí kò dínkù. Kí wọ́n sì kọ ẹyẹ inú igbó sí ojú ewé tirẹ̀, ẹyẹ gbangba sí tirẹ̀.

Olóòtú, nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún lọ sí irú igbó bẹ́ẹ̀, a bẹ̀ yín, kó má bèèrè iye àlejò tó wọlé lọ́dún nìkan. Kó bèèrè iye ẹyẹ inú igbó tí wọ́n kà lọ́dún tó kọjá àti lọ́dún yìí, àti iye igi òkú tó ṣì wà lórí ìdúró.

Àwa olùkàwé yín.