Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: Ìdí tí a fi dá iye owó àgbàdo kí wọ́n tó gbìn ín

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọjà, ẹ kú wàhálà oúnjẹ adìyẹ.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó tó ẹni mẹ́wàá nínú yín tó ti bi mí ní ìbéèrè kan náà ní ìsọ̀ wa ní Láfẹ́nwá: "Ìyá, wọ́n ní ẹ ti bá àwọn àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá dá iye àgbàdo August báyìí. Tí ọjà bá wá já wálẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwa la máa san án?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó san díẹ̀ nínú rẹ̀. Mi ò fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Sóyà tí a ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ wọ́n débi pé àwọn kan nínú yín ta adìyẹ tó ń yé lọ́wọ́. Mo ti san owó àpò 60 fún oníṣòwò ńlá kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi dúró. Níkẹyìn ó dá owó mi padà, ó ní àwọn tó ń kó sóyà lọ sókè òkun ti fowó lé tèmi. Inú bí mi gan-an. Nígbà tí ara mi wálẹ̀ ni mo jókòó ṣírò ó. Kó tó di June 2023, nǹkan bí 460 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi di February 2024, ó ti lé ní 1,500. Ká ní 400 dọ́là ni wọ́n ń ra tọ́ọ̀nù sóyà kan lókè òkun: èyí tó jẹ́ 184,000 náírà tẹ́lẹ̀ ti di 600,000, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi dọ́là kan ṣoṣo lé e. Kódà, láti àárín 2022 ni sóyà ti ń rọ̀ lọ́jà àgbáyé. Náírà wa ló já wálẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó ń kó sóyà lọ sí èbúté ń gba dọ́là, àwa ń ná náírà. Báwo la ṣe fẹ́ bá a du ú?

Nígbà yẹn, èmi náà wà lára àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba má jẹ́ kí hóró sóyà kan jáde nílùú mọ́. Mo ti yí ọkàn padà, ọ̀rọ̀ Indonesia ló sì yí mi lọ́kàn padà. Àwọn ló ń ta epo pupa jù lọ láyé. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine, tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2022, ti sọ òróró di ọ̀wọ́n níbi gbogbo. Nígbà tó di April 28 ọdún yẹn, Indonesia fòfin de kíkó epo pupa jáde kó lè rọ̀ fún àwọn ará ilé. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Epo kún inú táǹkì àwọn ilé iṣẹ́, wọn ò fẹ́ ra ẹyìn lọ́wọ́ àgbẹ̀ mọ́, iye ẹyìn já, àwọn àgbẹ̀ sì tú síta láti fẹ̀hónú hàn.

Nílé níbí, ní August 2025, ìjọba àpapọ̀ dá kíkó èso ẹmi tí a ò tíì fi ṣe òrí lọ sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà. Èrò náà dára: kí a máa ṣe òrí fúnra wa, ká sì tà á lówó gidi. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣa ẹmi nínú igbó kò lè fi èrò dáadáa ra ẹ̀kọ fún ọmọ. Ẹni tó máa ra ẹmi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà ló ń wò lójú.

Ẹ wá wo àgbàdo. Ní July 2024, ìjọba kéde pé fún 150 ọjọ́, àgbàdo, àlìkámà, ẹ̀wà àti ìrẹsì kan lè wọlé láìsan owó ibodè. Nígbà tó di 2025, àgbàdo rọ̀. Ẹ dúpẹ́, èmi náà dúpẹ́, torí àgbàdo ló ń kó bí ìdajì nínú oúnjẹ adìyẹ tó ń yé. Mi ò sọ pé ohun kan ṣoṣo ló fà á o. Ìkórè dára, ọkà òkèèrè wọlé, àwọn tó kó ọkà pamọ́ náà sì sáré tú u síta. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ kò bá a rọ̀. Ọkùnrin kan tí mo ti ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, kó àpò 42 wá ní August. Mo ka owó fún un, ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ìyá, owó ajílẹ̀ nìkan rèé." Kò bínú sí mi. Ó kàn ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀gẹ́ lòun máa gbìn sí ìdajì ilẹ̀ yẹn. Tí òun àti àwọn aládùúgbò oko rẹ̀ bá fi àgbàdo sílẹ̀, irú ọ̀wọ́n 2024 la tún máa rí.

Kì í ṣe àgbẹ̀ tiwa nìkan ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ṣáínà ló ń ra sóyà jù lọ láyé. Ní 2025, nítorí ìjà owó ibodè, wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ̀ láti ra ti Amẹ́ríkà, Brazil ni wọ́n ń rà á sí. Ní December, ìjọba Amẹ́ríkà kéde bílíọ̀nù 12 dọ́là láti fi gbé àwọn àgbẹ̀ wọn dìde. Ta ló máa gbé ti Ọ̀dẹ̀dá dìde, bí kò bá ṣe àwa tó ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn?

Ìyá ìyá mi ta èkùrọ́ fún àwọn tó ń rà á fún bọ́ọ̀dù, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà náà, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè Láfẹ́nwá níhìn-ín. Bọ́ọ̀dù ń yọ púpọ̀ nínú owó àgbẹ̀. Ìyá àgbà mọ̀, ó sì máa ń ráhùn lé e lórí. Ohun kan tó máa ń yìn níbẹ̀ ni pé wọ́n ń kéde iye kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1986 ni wọ́n pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Láti ìgbà náà, àgbẹ̀ ń gbin nǹkan láìmọ iye tí yóò gbà.

Ìdí nìyí tí mo fi bá àgbẹ̀ mẹ́rìnlá jókòó kí òjò tó dé. A dá iye tí a kò ní sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti fún wọn ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà fún irúgbìn àti ajílẹ̀. Tí ọjà bá ga ju iye yẹn lọ, iye ọjà ni mo máa san, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Tó bá já wálẹ̀, ohun tó máa hàn lára àpò oúnjẹ adìyẹ kílò 25 kò ní ju 400 náírà lọ. Èyí tó bá lé sí i, èmi ni mo máa gbé e.

Ti sóyà, mi ò lè ṣèlérí. Láti òkè Ọya ló ti ń wá, dọ́là ló sì ń tẹ̀ lé. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n máa kọ iye rẹ̀ sára pátákó iwájú ìsọ̀ ní gbogbo Monday. Ẹni tó bá lágbára, kó ra tirẹ̀ sílẹ̀ ní November, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè.

Ẹni tí ètò yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè ra àgbàdo rẹ̀ níbòmíràn kó gbé e wá. A ó lọ̀ ọ́, a ó sì pò ó ní iye tí a ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí oko náà, a máa lọ síbẹ̀ ní Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù May. Ọkọ̀ máa gbéra níwájú ìsọ̀ ní aago méje àárọ̀, àyè ẹni mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ tó ń gbowó.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Olóúnjẹ Adìyẹ,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta