Òkun tó ń jẹ Ayétòrò àti ìwé òjò tí a kò tọ́jú

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa bí òkun ṣe ń jẹ ìlú Ayétòrò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo kà á tán, mo gbé ìwé ìròyìn náà lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan nítòsí ọjà Àtàkúmọ̀sà níhìn-ín ní Iléṣà. Ohun tí àwọn tí a jọ jókòó níbẹ̀ sọ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará etí òkun nìyẹn, pé Iléṣà jìnnà sí òkun, àti pé òjò èṣí dára tó bẹ́ẹ̀ tí iṣu fi ta dáadáa. N kò bá wọn jiyàn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó sórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ etí òkun. Àwọn àgbà tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi mọ bí òkìkí ìlú náà ṣe kàn nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n sì jọ ń jẹ èrè rẹ̀. Lónìí, òkun ti gba ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́ àti itẹ́ òkú wọn. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ ìdènà omi jáde fún ìlú náà, síbẹ̀ omi kò yéé wọlé. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí ẹni tí òkun gba sàréè bàbá rẹ̀ kò ní ibi tí yóò dúró sí tí yóò fi ṣe ìrántí rẹ̀.

Ohun tó ṣòro nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé bí omi òkun ṣe ń ga kì í hàn sójú. Àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ láti máa yẹ ojú ọjọ́ wò ti ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 1901 sí 2018, omi òkun káàkiri ayé fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga sí i. Láti 1901 sí 1971, mìlímítà 1.3 péré ni ó ń fi ga lọ́dún. Láti 2006 sí 2018, ó ti di mìlímítà 3.7 lọ́dún. Ẹyọ àgbàdo kan tí a fi lélẹ̀ ní ìbú nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò dé etí òkun tí yóò fi ojú lásán rí i pé omi fi ẹyọ àgbàdo kan ga ju ti èṣí lọ? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìlàjẹ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní òkè, kò ní àpáta, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ tí omi bá fi ga yóò rìn jìnnà wọ inú ìlú, ìgbì ọjọ́ tí òkun bá ń ru yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ga ju ti àtijọ́ lọ.

Ooru ni ó ń gbé omi náà sókè. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti bẹ̀rẹ̀ ni ayé ti ń sun èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì, èéfín wọn sì ti mú kí gáàsì kábọ́nì (carbon dioxide) inú afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i: bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni ti kábọ́nì nígbà náà, ó ti ju 420 lọ báyìí. Òkun ni ó ń gba ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ nínú ooru tí èyí ń dá dúró sí ayé, omi tó bá sì gbóná a máa wú. Ẹni tó bá bu omi kún ìkòkò dé ẹnu tó sì gbé e kaná yóò rí i pé ó ń ṣàn sílẹ̀ kí ó tó hó. Yìnyín orí ilẹ̀ Greenland àti Antarctica náà ń yọ́, omi wọn sì ń ṣàn wọ inú òkun.

N kò ní sọ pé ojú ọjọ́ nìkan ló jẹ ilẹ̀ etí òkun wa. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, wọ́n fi òkúta ńlá kọ́ ògiri wọ inú òkun ní Èkó kí iyanrìn má baà dí ẹnu ọ̀nà èbúté. Ìgbì òkun wa a máa ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri yẹn dá a dúró sí apá kan, apá kejì, níbi tí Bar Beach wà nígbà náà, sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ilẹ̀. Ìsédò Akosombo ní Gánà, tí wọ́n parí ní 1965, ṣe irú rẹ̀ sí iyanrìn odò Volta, etí òkun Tógò sì jìyà rẹ̀. Ní Àwoyè, nínú ilẹ̀ Ìlàjẹ kan náà, ọ̀nà omi tí wọ́n là nítorí epo rọ̀bì jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú àbàtà tí kì í dé tẹ́lẹ̀, ó sì pa igbó tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún omi tó ń ga, àwọn tó ń sọ pé kádàrá ni kí wọ́n rò ó dáadáa.

Èwo wá ni ti Iléṣà nínú rẹ̀? Lára ẹja tí a ń rà lọ́jà ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará etí òkun wọ̀nyí. Àwọn kan nínú odò kéékèèké ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń lọ sí ọ̀sà Lẹ́kí. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá bá wa láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn náà, orí òkun yìí kan náà ni ó ti ń pọn omi rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí òjò fi lè pẹ́ kó tó dé, síbẹ̀ tí yóò ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo débi pé yóò wọ́ ilẹ̀ oko lọ.

Òjò èṣí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ kò sì lè jẹ́ ẹ̀rí pé ojú ọjọ́ kò yí padà. Òjò pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1950 sí àárín ọdún 1960. Láti nǹkan bí 1970, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó sì le títí wọ inú àwọn ọdún 1980. Ọyẹ́ ọdún 1983 gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí iná fi jó oko kòkó ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dáko ní 1985 ì bá búra pé òjò ti parí láyé, bẹ́ẹ̀ ni ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nígbà tó yá. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ fi ń lo ọgbọ̀n ọdún gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Èyí tó wà lọ́wọ́ báyìí ni ti 1991 sí 2020. Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá lọ́rọọrún. Wọn kò dá a lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n ní ó tó.

Nígbà tí mo ń kọ́ jọ́gíráfì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín, a ní ohun èlò ìwọ̀n òjò lẹ́yìn yàrá ìkàwé. Ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn yóò lọ wọn omi inú rẹ̀, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí olùkọ́ tó ṣáájú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà lọ béèrè ìwé náà. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń kun ọ́fíìsì, wọ́n kó gbogbo ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n sì dáná sun wọ́n. N kò lè sọ̀rọ̀. Òjò àwọn ọdún wọ̀nyẹn kò lè padà rọ̀ kí a tún un wọ̀n.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ fún wa ní àyè díẹ̀ lójú ìwé àwọn àgbẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ti ń tẹ àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ìwọ̀n òjò tó rọ̀ ní tòótọ́ náà, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ọgbọ̀n ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí olùkà lè fi wéra. Akọ̀ròyìn yín tó ń lọ sí Ayétòrò, kí ó yan àmì kan tí kò lè ṣípò, kí ó máa wọn ilẹ̀ láti ibẹ̀ dé etí omi nígbà gbogbo tó bá lọ, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bèèrè ìdènà fún ìlú náà lè ní iye tí yóò dárúkọ. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ń ka lẹ́tà yìí náà, ẹ má jẹ́ kí a sun ìwé òjò mọ́.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí ni mo ti gbé ohun èlò ìwọ̀n òjò kan sí ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹ lè lo tèmi fún Iléṣà títí ilé ẹ̀kọ́ kan yóò fi gbà á lọ́wọ́ mi. Ìwé méjì ni mo ń kọ ọ́ sí, ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin ní Ilé-Ifẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì,
Iléṣà.