Omi tí a ó mu ló ń ṣàn kọjá wa n'Ìbàdàn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kànga ni mo ń gbẹ́ jẹun n'Ìbàdàn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ omíyalé, àgbàrá ya ṣọ́ọ̀bù, fi máa ń ká mi lára ju bó ṣe ń ká ẹlòmíràn lára lọ. Bí òjò bá ti ṣọṣẹ́ báyìí, ohun kan náà ni ìjọba àti àwa ará ìlú jọ máa ń sọ: ẹ gbẹ́ gọ́tà, ẹ fẹ ojú odò, kí omi lè tètè máa lọ. Kó máa lọ síbo? Ta ló sì sọ fún wa pé kó lọ ló dáa jù?

Àwọn àgbà ní omi téèyàn ó mu kì í ṣàn kọjá ẹni. N'Ìbàdàn tiwa, ojú wa ló ń ṣàn kọjá, a tún ń náwó sí kọ́ńkéré kó lè sáré dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án, omi á mù wá dé ìbàdí. Tó bá di oṣù kejì, a ó máa na owó sí mẹ́ruwà pé kó bá wa gbé kẹ́ẹ̀gì méjì wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó sí. Omi tí à ń bá nínú kànga, inú erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà tó bo àpáta yẹn ló wà, ibẹ̀ kò sì jìn púpọ̀. Bí dígà bá ti kan àpáta gidi, iṣẹ́ tèmi parí nìyẹn. Ẹni tó bá lówó bọ́hóòlù lè lọ sí i, àmọ́ òun náà ní láti ṣe kòńgẹ́ ibi tí àpáta ti sán kó tó rí omi tó nílàárí. Òjò ló ń bu omi sínú erùpẹ̀ yẹn. Èyí tó bá rì wọlẹ̀ ní oṣù keje lẹ máa fà jáde nígbà ọyẹ́. Èyí tó bá gba orí kọ́ńkéré lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń kọ́lé báyìí. Ẹni tó ra pùlọ́ọ̀tì kan á kọ́lé sí apá kan, á da íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ìyókù láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kí ẹrẹ̀ má baà ba mọ́tò jẹ́. Kò ní ṣẹ́ ilẹ̀ tó tó ẹní kan kù tí òjò lè gbà wọlẹ̀. Nígbà tó bá yá, á pè mí pé kànga òun ti ń gbẹ, kí n wá gbẹ́ ẹ jìn sí i. Mo máa ń sọ fún wọn pé íńtálọ́ọ̀kì yẹn wà lára ohun tó ń pa kànga. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ ṣáà gbẹ́ ẹ lọ."

Àwa tí a ti gbọ́njú kò gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa kó ilé, mọ́tò àti ẹ̀mí èèyàn lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ńkéré ṣe ojú odò náà, iṣẹ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò ní wọn ò ṣe dáadáa. Odò tó gba àárín ọjà kọjá kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé: afárá Apẹ̀tẹ̀ wó, omi Ẹlẹ́yẹlé gorí dáàmù, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ àkúnya omi n'Ìbàdàn. Wọ́n tún dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ṣe, wọ́n ṣe afárá. A dúpẹ́. Àmọ́ ibi tí omi ti ń wá ńkọ́?

Láti 1942 ni dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ti ń fún ìlú yìí lómi. Àbàtà tó yí i ká ló máa ń dá àgbàrá dúró, tó ń sẹ́ yanrìn kúrò nínú rẹ̀ kó tó wọ adágún. Àbàtà yẹn làwọn kan ń da erùpẹ̀ dí, tí wọ́n ń gé e ní pùlọ́ọ̀tì tà. Àgbàrá òjò kò kúkú lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà. Ṣùgbọ́n onílé tó fìdí ilé rẹ̀ lélẹ̀ sínú àbàtà, kí ni yóò fi sọ pé òun ò gbà? Ìjọba tó bá mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà di àbàtà ti ṣe ju ẹni tó gbẹ́ gọ́tà lọ.

Wọ́n á ní àwa tí à ń da pàǹtí sí gọ́tà la fà á. Òótọ́ wà níbẹ̀, ojú ń tì mí fún wa. Àmọ́ gọ́tà tó mọ́ tónítóní náà ń kún, bí gbogbo àdúgbò bá da omi òrùlé wọn sí i pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Omi òrùlé yẹn kì í ṣe kékeré. Òjò ọdún kan n'Ìbàdàn máa ń tó nǹkan bíi 1,200 mìlímítà. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá ní ìbú àti lóòró ń gba nǹkan bí 120,000 lítà lọ́dún, ìyẹn 4,800 kẹ́ẹ̀gì onílítà 25. Ká tiẹ̀ ní ìdajì rẹ̀ la rí gbà. Ẹ ro ti ilé ìjọsìn wa àti ilé ìwé. Kí wọ́n gbé táǹkì síbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù ná, kí èyí tó bá kún táǹkì wọ inú ihò tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí, kó rì wọlẹ̀. Kí ihò náà ṣáà jìnnà sí sókàwéè àti sáláńgá, torí ohun tó bá wọ ibẹ̀ á dé kànga.

Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pùláànù ilé máa ń béèrè ibi tí sókàwéè máa wà. Kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún un: omi orí òrùlé yìí, ibo ló ń lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "gọ́tà" nìkan, kí wọ́n dá pùláànù náà padà fún ẹni tó ni ín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹ́kànga kan, Odò-Ọ̀nà, Ìbàdàn