Lẹ́tà sí Àdùkẹ́ lẹ́yìn omíyalé Houston

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 17, Oṣù Kẹsàn-án, 2017.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ kú ewu o. Ẹ kú àmúmọ́ra. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Bàbá yín náà ní kí n kí yín. Ọ̀rọ̀ Houston yìí ti wọ̀ wọ́n lára débi pé bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé.

Mo wo fídíò tí o fi ránṣẹ́. Mo rí ibi tí omi fàlà dé lára ògiri pálọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbàdí ọmọ rẹ àgbà. Mo rí bẹ́ẹ̀dì, àga àti kápẹ́ẹ̀tì tí ẹ kó jọ síwájú ilé, ti aládùúgbò yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ẹlòmíì tún tẹ̀ lé e, títí ojú fi ṣú mi. N kò fèsì lọ́jọ́ náà, torí ohun tí o sọ gbẹ̀yìn ló dùn mí ju omi lọ. O ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà yín sọ pé ẹ ti ní láti ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá níbì kan. Pé bóyá torí ẹ kò san ìdámẹ́wàá mọ́ látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ ni. O wá bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀?" Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí èèyàn ń dáhùn lórí WhatsApp, ni mo ṣe mú bírò.

Ọmọ mi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ tó pe omi wọlé. Ṣí Lúùkù orí 13. Ilé ìṣọ́ kan wó ní Sílóámù, ó pa èèyàn 18. Jésù bi àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n rò pé àwọn 18 yẹn burú ju gbogbo ará Jerúsálẹ́mù tó kù lọ. Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá o. Àwọn tó wà láàyè tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ ló wá kọjú sí pé kí wọ́n ronú pìwà dà. Nítorí náà, bí ẹni yẹn bá tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn, ní kó jókòó, kẹ́ ẹ jọ ka ibẹ̀.

Oṣù Kẹjọ tí ìjì yín jà náà ni òkè ya lulẹ̀ ní Freetown, ní Sierra Leone, ní ọjọ́ 14, tó sì bo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún èèyàn mọ́lẹ̀. Kó tó di pé oṣù náà parí, omi ti gba Makurdi, àwọn tí omi lé kúrò nílé ju 100,000 lọ. Ṣé gbogbo wọn ló jẹ Ọlọ́run lówó? Ìjì Harvey tiyín yìí, òjò tó rọ̀ ní apá kan Texas lé ní 60 ínṣì, kò sí ìjì tó tíì rọ irú ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Jésù ti sọ ọ́ pé òjò ń rọ̀ fún olódodo àti aláìṣòdodo. Ọlọ́run wa kì í ṣe lańlọ́ọ̀dù tó ń da ẹrù ayálégbé síta torí owó oṣù.

Yàtọ̀ sí èyí, ọkọ rẹ ṣàlàyé fún bàbá yín pé ẹ̀yìn dáàmù Barker ni àdúgbò yín bọ́ sí. Wọ́n ní àwọn ọdún 1940 ni wọ́n ti mọ ọ́n kí omi má baà gba àárín Houston, àti pé ilẹ̀ tí omi yóò tẹ́ sí bó bá kún ni àwọn kan gé ní púlọ́ọ̀tì tà fáwọn èèyàn. Ṣé Èṣù ló ta ilẹ̀ ni? Àwa náà mọ irú ẹ̀ níbí. Ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980, ni odò Ògùnpa ya lu Ìbàdàn. Àwọn tó kú lé ní 200. Òjò pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ a ti kọ́lé há odò mọ́, a sì ti fi pàǹtí dí i lọ́nà. Síbẹ̀, nígbà tí omi fà tán, ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ làwọn kan ń wá kiri.

Ọjà Gbági ni ìyá mi ti ń taṣọ nígbà yẹn. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kì í tán, àmọ́ lọ́jọ́ tá a débẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò sọ nǹkan kan. Gbogbo aṣọ tó wà nísàlẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ajẹgbèsè sí ti bómi lọ. Àlùfáà ìjọ wa dé bá wa níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n á wàásù. Wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún ni, wọ́n bá wa ń kó aṣọ tó ti rin gbingbin síta. Ìgbà tó rẹ̀ wọ́n ni wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká wá nǹkan jẹ." Alájà tí ṣọ́ọ̀bù tiwọn wà lókè, tí omi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ló gbé ẹ̀bà wá, gbogbo wa sì fọwọ́ bọ abọ́ kan náà.

A fọ àwọn aṣọ yẹn, a sá wọn. Èyí tó ṣì ṣeé wọ̀, ìyá mi tà á lówó pọ́ọ́kú, kò sì sí oníbàárà tí wọn ò sọ fún pé omi ti kàn án kí wọ́n tó dárúkọ iye. Àwọn kan nínú àwọn tó jẹ wọ́n lówó wá fúnra wọn, wọ́n ní, "Ìyá, mo mọ̀ pé ìwé ti lọ, iye báyìí ni mo jẹ yín." Àwọn kan ò yọjú títí dòní, a ṣì ń bá wọn pàdé lóde àríyá.

Àlùfáà yẹn ni mo máa ń rántí tí mo bá ka Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 27. Èèyàn 276 ló wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù. Ìjì gbá wọn kiri títí wọn ò rí oòrùn, wọn ò rí ìràwọ̀, ọjọ́ 14 ni wọn ò fi jẹun. Lúùkù wà níbẹ̀, òun ló kọ ọ́ pé kò sí ìrètí kankan mọ́ pé àwọn máa yè. Ọlọ́run rán áńgẹ́lì sí Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀mí kan kò ní ṣòfò, àmọ́ ọkọ̀ máa lọ. Ó sì lọ lóòótọ́! Ẹrù lọ, ọkà lọ. Pọ́ọ̀lù mú búrẹ́dì, ó dúpẹ́ lójú gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ni ara àwọn tó kù bá yá, tí àwọn náà jẹ. Ẹni tó mọ̀wẹ̀ wẹ̀, àwọn yòókù di pákó àti àfọ́kù ọkọ̀ mú, gbogbo wọn gúnlẹ̀. Òjò ń rọ̀ ní Mẹ́lítà, erékùṣù tí wọ́n gúnlẹ̀ sí, òtútù ń mú wọn, Pọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ṣẹ́gi ìdáná jọ. Ẹni tí áńgẹ́lì bá sọ̀rọ̀ o! Ọkọ rẹ sọ pé o kì í jẹun mọ́. Jọ̀ọ́, jẹun.

O tún ní o ò lè gbàdúrà. Ka Sáàmù 88 sókè ketekete. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìgbì Ọlọ́run ti bo òun mọ́lẹ̀, òkùnkùn ló sì fi parí rẹ̀, kò fi ọpẹ́ kankan kádìí ẹ̀. Ọlọ́run fàyè gbà á nínú Bíbélì, á fàyè gba tìẹ náà. Sunkún tó o bá fẹ́ sunkún, má wulẹ̀ pa á mọ́ra torí kí wọ́n lè pè ọ́ ní onígbàgbọ́.

Wọ́n á máa sọ fún ọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Òótọ́ ni, mo sì ń dúpẹ́ lórí eékún. Àmọ́ agbè ẹlòmíì fọ́ ní Houston. Bí wọ́n bá pè ọ́ síwájú ìjọ láti jẹ́rìí, dúpẹ́ kó o jókòó. Má sọ pé àdúrà rẹ ni omi ṣe fi yín sílẹ̀, torí ẹni tó sin òkú ẹ̀ lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, òun náà sì gbàdúrà.

Èmi ò ní fọkàn rẹ balẹ̀ pé omi ò ní wá mọ́. Ó padà wá sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011, o rántí bí afárá ṣe wó, tí àwọn tó kú lé ní 100. Ohun tí Aísáyà 43 ṣèlérí ni pé bá a bá ń la omi kọjá, Òun á wà pẹ̀lú wa. Ẹni tí wọ́n sin, tó jí dìde ní ọjọ́ kẹta, lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìrètí tèmi wà. Ilé lè wó, ìyẹn ò yí padà. Èyí ni mo dì mú nígbà tá a sin àwọn aládùúgbò wa ní 1980, òun náà ni mo ṣì dì mú.

Fọ́ọ̀mù FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn tí àjálù bá lọ́wọ́, èyí tí ojú ń tì ọ́ láti kọ, kọ ọ́. Owó orí yín wà nínú ẹ̀. Bí ìjọ bá sì gbé owó tàbí oúnjẹ wá, gbà á. Nígbà tí wòlíì Ágábù sọ pé ìyàn ńlá ń bọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Áńtíókù ò ṣèpàdé láti mọ ẹni tó ṣẹ̀. Kálukú dáwó bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, wọ́n fi rán Bánábà àti Sọ́ọ̀lù, Pọ́ọ̀lù yẹn náà, sáwọn ará ní Jùdíà. Ẹ̀yin ni ará Jùdíà lọ́tẹ̀ yìí.

Kí ọkọ rẹ má kánjú tún ògiri bò o. Kó gé gbogbo ibi tó ti rin kúrò, kí inú ẹ̀ gbẹ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bu, àwọn ọmọ á sì máa fà á símú. Kí wọ́n má fọwọ́ lásán kan ẹrẹ̀ yẹn.

Ọmọ àbúrò bàbá yín ń bọ̀ ní Houston lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti di gàrí, ẹ̀lùbọ́ àti ìró mélòó kan fún un, torí o ní aṣọ rẹ bómi lọ. Pè wá lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, kí ọkọ rẹ wà nítòsí, bàbá yín fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.