Àlùfáà tó ní kí Wilberforce má fi òṣèlú sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Òǹkàwé yín kan kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òṣèlú ti dọ̀tí jù, pé kí onígbàgbọ́ gbájú mọ́ àdúrà kó sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi gan-an ń sọ ọ́.

William Wilberforce náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́dún 1785, ọmọ ọdún 26 ni, ó ti wà nílé aṣòfin ní London, ìgbàgbọ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́kàn. Ó ń rò ó bóyá kóun pa òṣèlú tì. Ló bá yọ́ lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Newton. Newton yìí ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ òkun tó ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú rí, kò sí ìdọ̀tí tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ròyìn fún un. Ó ní kí ọmọkùnrin náà dúró síbi tó wà.

Ó dúró. Ọdún 1789 ló kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú. Nígbà tí wọ́n dìbò lọ́dún 1791, èèyàn 88 ló tẹ̀ lé e, 163 ló kọ̀. Ó tún gbé e padà wá, wọ́n tún dà á nù, títí di 1807 kí òfin tó fòpin sí òwò náà tó wọlé. Ọdún 18 gbáko! Àdúrà wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn kan ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn láti gba ẹ̀rí lẹ́nu àwọn atukọ̀, ará ìlú ń bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn obìnrin sì ń kọ ṣúgà tí ẹrú ṣe.

N kò sọ pé gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ o. Ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà kan ní oko ìrèké ní erékùṣù Barbados, ẹrú ló ń ro ó. Bíbélì kan náà ni gbogbo wọn ń kà.

Lọ́dún 1821, ogun kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣogùn, wọ́n tà á títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń lé àwọn olówò ẹrú kiri lójú òkun látìgbà òfin yẹn gbà á sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther lọ́dún 1864. Bí òǹkàwé yín bá fi Bíbélì Yorùbá gbàdúrà láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ ọwọ́ Àjàyí wà nínú rẹ̀.

Nínú ìjọ tiwa, a kì í fo àdúrà fún ìjọba lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ní òun fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀, wọ́n ní kó bọ́ ẹ̀wù akọrin sílẹ̀ ná. Oníbáńkì méjì ló wà lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí wọ́n bọ́ tiwọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.