Orúkọ Ni Kí Ẹ Fi Ka Àwọn Ọmọ Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, àmọ́ èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá kọ lẹ́tà sí yín. Bébà kan ló mú mi gbé bírò. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa ló ti wá. Wọ́n ní kí ọdún tó yípo, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo iṣẹ́. Gbogbo iṣẹ́ o! Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, sáyẹ́ǹsì, títí dórí kọ̀ǹpútà, ní ilé-ìwé tí kò ní iná, tí ọmọ kankan níbẹ̀ kò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jà. Kéèyàn ní àfojúsùn sàn ju kó máa rìn kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò ni pé irú àfojúsùn yẹn kò bá ilé-ìwé tiwa mu. Ìlú ńlá, níbi tí ọgọ́ta ọmọ ti ń há ara wọn mọ́ kíláàsì kan, ni wọ́n jókòó sí rò ó.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní báyìí, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC: àwa àgbà abúlé, àwọn òbí, àwọn tíṣà àti ẹni tí Baálẹ̀ bá rán wá. Ọmọ 64 la ní láti páìmárì kìíní dé ìkẹfà. Tíṣà mẹ́rin ló ń kọ́ wọn, ọ̀gá ilé-ìwé náà wà lára wọn. Kíláàsì mẹ́fà, tíṣà mẹ́rin. Nítorí náà, páìmárì kìíní àti ìkejì jókòó pọ̀, ìkẹta àti ìkẹrin jókòó pọ̀. Bí apá ọ̀tún bá ń kọ́ ìsọdipúpọ̀, apá òsì á máa da nǹkan kọ lára bọ́ọ̀dù. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kí tíṣà kan máa kọ́ ọmọ 35. Ẹ pín 64 sọ́nà mẹ́rin, ọmọ 16 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lórí bébà, tíṣà tiwa pọ̀ jù! Ohun tí wọ́n wí nìyẹn nígbà tí wọ́n mú ẹni karùn-ún lọ síbòmíràn lọ́dún tó kọjá, nígbà tí táàmù ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohùn rẹ̀.

Ẹ wá bá mi wá ìdá 80 nínú páìmárì kẹta wa. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ìdá 80 nínú mẹ́sàn-án jẹ́ méje lé díẹ̀. Ta ni a ó pè ní "díẹ̀" nínú ọmọ ọlọ́mọ? Ọmọ kan ṣoṣo níbẹ̀ tó ìdá 11. Tí ibà bá dá ọmọ méjì dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn tó ń wo èsì ní olú-ìlú á sọ pé ilé-ìwé wa ti wó.

Èyí tó tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyí. Nínú oṣù Kọkànlá, ọmọ méjì péré ló lè kàwé geere nínú àwọn mẹ́sàn-án yẹn. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ oko kan, Àgátù ni wọ́n, wọ́n ń bá àwọn olóko kòkó ṣiṣẹ́ ọdọọdún. Nígbà tí kòkó tán lórí igi, tí ọdún Kérésì kọjá, bàbá rẹ̀ gba owó iṣẹ́, ó dẹrù, wọ́n lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìdá 22 di ìdá 12 àbọ̀. Tíṣà kò ṣẹ̀. Ọmọ kò gbàgbé ohun tó mọ̀. Ọ̀kadà méjì ló gbé ìlọsíwájú wa lọ.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ọmọ méjì ló lè kàwé. Mo gbọ́ ọ ni. Mo gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìtàn ìlà mẹ́fà nípa adìẹ ìyá àgbà kan tó ń yé sórí àjà, mo fi àmì sí i dáadáa, mo sì ń pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe páìmárì kẹta nìkan. Mo pe gbogbo wọn, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí.

Ọmọkùnrin páìmárì karùn-ún kan kò jẹ́ kí n gbé ìtàn adìẹ síwájú rẹ̀. Ó ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì òun ni kí òun kà fún mi. Ó ṣí i, ó sì ń ròyìn ojú ìwé náà bí ẹni ń da omi. Inú mi dùn. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìlà ìsàlẹ̀, ó ṣì ń kà á lọ. Ara wá fu mí. Mo fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kan láàárín ojú ìwé, mo ní, "Kí lèyí?" Ó dákẹ́. Ó wá padà sókè, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà níye títí tó fi dé ibi tí ìka mi wà. Ó há ojú ìwé yẹn sórí bí ẹni há oríkì ni! Ìtàn adìẹ tí mo padà gbé fún un, kò lè ka ju "Ìyá" lọ.

Mo lọ wo rìpọ́ọ̀tù káàdì rẹ̀. Máàkì 71 ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Kí ẹnikẹ́ni má bú tíṣà rẹ̀. Èmi náà ti kọ irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Tí wọ́n bá ní kí o mú ìdá 80 wá, tí wọ́n sì ní ìbéèrè ń bẹ fún ẹni tí kò bá mú un wá, o ó mú un wá. Bírò ló ń gbé ọmọ dé ibẹ̀. Ọmọ yìí kì í sì í ṣe òmùgọ̀: ìyá rẹ̀ ń ta epo pupa, òun ló sì máa ń ka ṣéńjì fún mi. Kò ṣi kọ́bọ̀ kà rí.

Àjọ UNICEF ti ń pariwo fún ọdún mélòó kan pé nínú ọmọ mẹ́rin ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 7 sí 14, mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn kékeré kan kó yé wọn. Mo máa ń rò pé òkè Ọya ni wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn lábẹ́ máńgòrò ni mo gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn aláṣẹ wa fún kò pọ̀. Ẹ ká bébà yẹn kúrò lára ògiri, kí ẹ fi ìlà kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀: ọmọ tó bá kúrò ní páìmárì kẹta gbọ́dọ̀ lè ka ojú ìwé Yorùbá kan tí kò rí rí, kó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kí ẹnì kan tí kì í ṣe tíṣà wọn jókòó gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó kọ orúkọ, kí ó kọ ibi tí ọmọ dé: lẹ́tà ló mọ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀, àbí gbólóhùn, àbí ìtàn. Kò sí ìdá kankan. Kò sì sí ẹni tí wọ́n á tìtorí rẹ̀ pè lẹ́jọ́.

Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Ní Íńdíà, àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham ti ń fi bébà kékeré kan bẹ́ẹ̀ gbọ́ àwọn ọmọ abúlé lóhùn tipẹ́. Wọn kì í béèrè pé kíláàsì wo lọmọ wà. Ibi tó mọ̀ ọ́n kà dé ni wọ́n fi ń pín wọn sí agbo fún bíi wákàtí kan sí méjì lójúmọ́. Wọ́n ti gbé e wọ àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya níbí. Àwa tí kíláàsì wa ti dà pọ̀ tẹ́lẹ̀, ta ni ọ̀nà yìí ìbá rọ̀ lọ́rùn tó wa?

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló dé tó fi jẹ́ Yorùbá, ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń wá iṣẹ́. Ẹ wo Modákẹ́kẹ́, kò jìnnà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" níbẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì gbé olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sílẹ̀ láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú ìyókù. Ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo páìmárì máa fi èdè abínibí kọ́ni ní 2022. Ní 2025, wọ́n tún ní ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n máa bá ìyẹn lọ ní Abuja. Iṣẹ́ Yorùbá ṣì wà lórí taimu-tébù wa, ohun tí ọmọ ń sọ lẹ́nu ló sì rọrùn jù láti fojú mọ̀ lórí ìwé. Ọmọ Àgátù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, Yorùbá ló fi ń ta ayò, òun náà ló sì kà á geere jù.

Kìkì pé kí àmì wà lórí ọ̀rọ̀. Ìwé kan tí wọ́n kó wá fún wa kò ní àmì kankan. Ọmọ débi tí wọ́n kọ "igba" sí, ó bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé igbá ni, àbí ìgbà, àbí igba náírà?" Èmi tíṣà gan-an ní láti ka ìlà méjì síwájú kí n tó dá a lóhùn.

Àwa àgbà náà gbọ́dọ̀ ní àfojúsùn tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń ki. Mo gbé rẹ́jísítà táàmù kìíní, mo ka iye ọjọ́ tí tíṣà páìmárì kẹta àti àwọn ọmọ rẹ̀ fojú kan ara wọn. Ọjọ́ 41 ni, nínú ọjọ́ tó lé ní 60. Òjò mú lára rẹ̀: ìlú ni tíṣà ń gbé, ọ̀kadà kì í sì í gba ọ̀nà wa bí ilẹ̀ bá tutù. Ọjọ́ ọjà mú tirẹ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ ọjà ni àwọn ọmọ máa ń ru ẹrù tẹ̀lé ìyá wọn. A gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì ní kí ọmọ ilé-ìwé kankan má ru ẹrù lọ sọ́jà kí agogo méjì ọ̀sán tó lù. Àwọn ìyá kan bínú, ìyàwó mi wà lára wọn. Yàrá kan la ń tún ṣe báyìí fún tíṣà tó bá gbà láti máa sùn síbí láti Ajé dé Ẹtì. Ti àwọn aláṣẹ ló kù: kí wọ́n má ṣe mú tíṣà kúrò láàárín táàmù mọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí Awólọ́wọ̀ ń lé: kí ọmọ wọ ilé-ìwé. Ìyá mi kò mọ ABD, àmọ́ ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ka ọmọ tó lọ àti ọmọ tó jókòó sílé. Ìdá 80 tó wà lára ògiri yìí, ìyá ọmọ wo ló lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Olóòtú, ẹ̀yin náà ni mo wá bẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú páìmárì kẹta yẹn tó jẹ́ pé lẹ́tà ló mọ̀ nínú oṣù Kọkànlá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìyá alákàrà, ó jẹ àkàrà tán, ó sì ń na bébà tó fi dì í. Ìwé ìròyìn yín ni. Ó ń ka lẹ́tà àkọlé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òróró ti pa lẹ́tà kan rẹ́, ó fò ó, ó sì bá ìyókù lọ. Bí ẹ bá lè yọ̀ǹda ìdajì ojú ìwé kan lóṣooṣù fún ìtàn kékeré, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí àmì rẹ̀ pé (ẹ má bínú, ẹ̀yin náà máa ń fò ó), a ó gé e, a ó fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ síbi tí bébà ìdá 80 wà. A ó tún gbọ́ àwọn ọmọ lóhùn kí wọ́n tó gba ìsinmi Àjíǹde. Tí ti oṣù tó ń bọ̀ bá lè tètè dé, òun la ó gbé síwájú wọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
láti abúlé kan ní ilẹ̀ kòkó.