Ta Ló Kan Ọkọ̀ Náà? Ẹ̀sùn Lórí Ìtàn Odò Coppermine Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Edmonton, Alberta,
Kánádà.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó ilé-iṣẹ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ra ìtàn àfetígbọ́ lọ́wọ́ yín. Lóṣù tó kọjá ni mo ra àkójọ yín lórí ìrìn-àjò odò ní òpin àríwá ayé, dọ́là 24 ni mo san. Ohun tó fà mí ni gbólóhùn tí ẹ kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀: "Ìtàn òtítọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an." Èmi fúnra mi máa ń kó àwọn ọmọ ìjọ wa lọ tukọ̀ lórí odò North Saskatchewan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi sì wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Inú mi dùn pé màmá máa gbọ́ ìtàn ilẹ̀ tí ọmọ wọn ń gbé, ní èdè tiwọn.

Apẹja ni bàbá tó bí ìyá mi, inú ọkọ̀ lórí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí. Abájọ tó fi jẹ́ pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fura. Apá kẹrin là ń gbọ́, ìtàn John Franklin, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi Ìlú Ọba tí wọ́n rán lọ wo etí òkun àríwá Kánádà, lórí odò Coppermine níbẹ̀ ní 1821. Bí ẹni tó ń ka ìtàn ṣe dé ibi tó ti sọ pé Franklin kan ọkọ̀ kékeré kan, gbogbo wọn sì sọdá, màmá gbé àwo ẹ̀wà tí wọ́n ń ṣà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n dá a dúró ná. "Ta ló kan ọkọ̀ náà? Igi wo ló fi kàn án? Kí ló fi dí i tí omi ò fi wọlé?"

N kò rí nǹkan sọ. Mo wá ìwé tí Franklin fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1823 rí, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá fún alẹ́ mẹ́ta. Ìdáhùn sí gbogbo ohun tí wọ́n bi mí wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ kúrò.

Èèyàn 20 ni wọ́n. Nínú oṣù Keje ni wọ́n tukọ̀ gba orí Coppermine dé òkun, wọ́n sì tọ etí òkun náà lọ sí ìlà-oòrùn títí oúnjẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, yìnyín ti bo ilẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n gbé dání ti fọ́. Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, Coppermine kan náà ló tún dábùú ọ̀nà wọn. Wọ́n di igi willow pọ̀ kí wọ́n lè gun orí rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n igi tútù ni, kò léfòó dáadáa.

Richardson, tó jẹ́ dókítà wọn, wá so okùn mọ́ ìbàdí, ó bọ́ sómi. Ẹ̀yin ní ó lúwẹ̀ẹ́ dé òdìkejì, ó sì so okùn mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Nígbà tó bọ́ṣọ, àwọn atukọ̀ kígbe nígbà tí wọ́n rí bó ṣe rù tó. Nínú omi, apá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kú. Ó dojú sókè, ó ń fi ẹsẹ̀ nìkan lúwẹ̀ẹ́. Ó kù díẹ̀ kó débẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà kọṣẹ́, ó sì rì. Okùn yẹn ni wọ́n fi fà á padà, wọ́n wé e ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé e sẹ́bàá iná. Awọ ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ kú tipiri, kò sì mọ nǹkan lára bó ṣe yẹ títí di ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kejì.

Pierre St Germain, ògbufọ̀ àti ọdẹ tó wà láàárín wọn, ló wá sọ pé òun lè kan ọkọ̀. Ó kó aṣọ ọ̀dà tí wọ́n fi ń di ẹrù ibùsùn wọn jọ, ó fi ẹ̀ka willow ṣe egungun ọkọ̀, ó na aṣọ náà bò ó. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbà. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, òun ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, àwọn yòókù dúró létí odò, wọ́n ń gbàdúrà. Ó gúnlẹ̀. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà padà, ẹlòmíì wọ̀ ọ́, wọ́n tún fà á padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo wọn fi sọdá, omi ń wọlé sí i, ẹrù wọn rin gbindin.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, màmá fi ọwọ́ méjèèjì wọn bí ọkọ̀ náà á ṣe tó lórí tábìlì. Wọ́n ní, "Ẹni tó mọ omi ni. Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo sọ ọ́. Wọ́n ń pè é títí ó fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Èyí tó dùn mí jù lọ nìyí. Nígbà tí Franklin dé Fort Enterprise, ilé tí wọ́n ti lo ìgbà òtútù tó kọjá, ilé òfìfo ló bá. Ohun tó ń hù lára àpáta àti awọ bàtà ni wọ́n ń jẹ. Ẹ ní "àwọn ará igbó kan" gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n fún wọn lóúnjẹ. Ará igbó kẹ̀? Àwọn èèyàn Akaitcho ni, olórí àwọn Yellowknives, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, tó ti ń bọ́ wọn láti ọdún tó ṣáájú. Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ni wọ́n gbé ẹran dé. Wọ́n dáná, wọ́n tún ilé ṣe, Franklin sì kọ ọ́ pé wọ́n ń fi oúnjẹ sí àwọn lẹ́nu bí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n bọ́ bàtà yìnyín ẹsẹ̀ wọn fún àwọn aláìsàn, àwọn fúnra wọn ń rìn láìní. Èèyàn 11 ló kú nínú 20. Nínú àwọn márùn-ún tó wá láti Ìlú Ọba, Hood nìkan ló bá a lọ. Àwọn yòókù ni àwọn tó ń ru ẹrù, àti Hoeootoerock, ọmọ ẹ̀yà Inuit tó ń ṣe ògbufọ̀. Ẹ ò dárúkọ ẹnì kan nínú wọn.

Mo pè yín. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn, àmọ́ ó ní, "Ẹ má bínú sà, ìtàn ni, a kàn fi iyọ̀ sí i ni." Iyọ̀ wo? Ẹ ò fi nǹkan kan kún un, ẹran inú ọbẹ̀ lẹ kó kúrò.

Ewu sì wà níbẹ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 13, gbọ́ ọ, ó ní, "Dádì, èèyàn sì lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omi dídì!" Ohun tí Gordon Giesbrecht, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣèwádìí nípa òtútù ní Yunifásítì Manitoba, ń kọ́ni ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa: ìṣẹ́jú 1 láti kápá èémí rẹ, bí ìṣẹ́jú 10 tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣì máa gbọ́ tìrẹ, bíi wákàtí 1 kí òtútù tó mú ọ dákú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Richardson ì bá ti kọ́ ọmọ náà dáadáa, ká ní ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ.

N kò ní pa irọ́ mọ́ yín: apá tó dá lórí odò Nahanni dáa gan-an. Ìdí nìyẹn tí n kò fi béèrè owó mi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ tún apá kẹrin kà, kí ẹ dárúkọ St Germain, Akaitcho àti Hoeootoerock, kí ẹ yọ "ará igbó" kúrò, kí ẹ sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti rà á. Títí dìgbà náà, ẹ bá mi pa "òtítọ́" rẹ́ níwájú rẹ̀. Mò ń retí èsì yín kí oṣù yìí tó parí.

Màmá ń padà sí Ẹ̀pẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n fi èyí tí ẹ bá tún ṣe sórí fóònù wọn, àwọn fẹ́ kí àbúrò àwọn gbọ́ nípa ọkọ̀ aṣọ yẹn.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín ní Edmonton